Kí orúkọ ọmọ yín tó kúrò ní ilé-ìwé, ẹ kà á

Oṣù kẹsàn-án ti lọ pẹ̀lú wàhálà rẹ̀. Aránṣọ ti fi aṣọ kákí lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ìwé ìkọ̀wé ti wà nínú àpò, àwọn ọmọ sì ti jókòó sí kíláàsì wọn, láti CI títí dé CM2. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti mí kanlẹ̀ báyìí, tí ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òbí ti parí, pé ó ku ọwọ́ olùkọ́ àti ọmọ, títí di oṣù kẹfà tí àwọn ọmọ CM2 yóò jókòó ṣe ìdánwò CEP.

Iṣẹ́ òbí kò tíì parí. Oṣù kẹfà ni ìdánwò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò náà kì í dúró di ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni ọ̀gá ilé-ìwé ti máa ń kó orúkọ àwọn ọmọ CM2 jọ, tí yóò béèrè ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì fi àkọsílẹ̀ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ó wà lókè rẹ̀. Lónìí, a fẹ́ rán yín létí àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀ nínú ọdún ilé-ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ni mo ti rí tí ó dá ọmọ tí ó mọ̀wé dúró lójú ọ̀nà.

Ní ọdún kan, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà kan ní ẹ̀yìn ìlú Kétu. Àwọn ìyá ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n máa ń pàdé, lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, tí oúnjẹ sì ti jinná nílé. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé kan nílé mú un wá kí a jọ kà á. Ẹnìkan mú ìwé ilé ìwòsàn wá. Ẹnìkan mú ìwé owó iná mànàmáná wá. Ìyá kan tí ó ń ta gàrí mú ìwé méjì wá nínú ọ̀rá dúdú: ọ̀kan ni ìwé ìbí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní CM2, èkejì sì ni ìwé èsì tí wọ́n fún ọmọ náà nígbà tí ó wà ní CM1.

Ó tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn yòókù ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kí ó tó gbé ojú sókè.

«Olùkọ́, àwọn méjèèjì yìí kò dọ́gba.»

Mo ní: «Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà.»

«Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Níhìn-ín, c àti h ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Níhìn-ín, s nìkan ni. Àbí ọmọ méjì ni mo bí ni?»

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò wọ́n, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Láti CI ni orúkọ ọmọ náà ti wà lọ́nà kan nínú ìwé ilé-ìwé, tí ó sì wà lọ́nà mìíràn nínú ìwé ìbí. Bàbá ọmọ náà kò mọ̀wé. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀wé nígbà náà. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó gba ọmọ náà sí kíláàsì ń kọ orúkọ rẹ̀ láti inú ìwé olùkọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà sídìí ìwé ìbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó gbé gàrí lọ sí ọjà, ìyá náà ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú rẹ̀. Ó bá a ní oríire: àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ CM2 ṣì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá náà fi ìwé ìbí wé e, ó fa ìlà gba ara èyí tí kò tọ́, ó kọ èyí tí ó tọ́ sí òkè rẹ̀, ó sì bẹ ìyá náà pé kí ó má bínú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá náà ń ròyìn rẹ̀ fún mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó kọ́kọ́ sọ. Ó ní ohun tí ó ya òun lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá ilé-ìwé fa àga fún òun.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé wa ní «n» ní ìparí. Láàárín ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, akọ̀wé kan gbàgbé «n» náà. Èmi pàápàá kò kà á sí. Ọmọdé ni mí. Bí wọ́n bá ti pè mí, mo ń jẹ́. Ìwé ẹ̀rí CEP mi kò ní «n», BEPC mi kò ní i, BAC mi kò ní i, ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní yunifásítì kò ní i. Ìwé ìbí mi nìkan ni ó ní i. Ọjọ́ tí mo kó ìwé mi lọ síbi tí mo ti fẹ́ gba iṣẹ́, ọmọbìnrin tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gbé ìwé méjì sókè, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì bi mí pé ta ni ó ni ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín ilé-ẹjọ́ àti ọ́fíìsì oríṣiríṣi. Iṣẹ́ náà kò dúró dè mí. Ẹ sì wò ó: mo ti dàgbà, mo gbọ́ Faransé, mo mọ ẹnu-ọ̀nà tí ó yẹ kí n kàn. Ọmọ ọdún méjìlá ńkọ́, tí bàbá rẹ̀ wà lóko?

Kí ni ó máa ń fa irú àṣìṣe yìí? Kì í ṣe àìbìkítà akọ̀wé ní gbogbo ìgbà. Èdè wa àti èdè Faransé kì í lo lẹ́tà bákan náà. Ohùn tí àwa ń fi «ṣ» kọ ní kíláàsì wa, «ch» ni akọ̀wé fi ń kọ ọ́. «U» tiwa di «ou» lọ́wọ́ rẹ̀, «j» tiwa di «dj». «P» tiwa, ẹlòmíràn a kọ ọ́ ní «p», ẹlòmíràn a kọ ọ́ ní «kp». Àmì tí ó wà lábẹ́ «ọ» àti «ẹ» a bọ́ sílẹ̀. Ti àmì ohùn, kí a má tilẹ̀ sọ ọ́. Báyìí ni Ọjọ́ ṣe di Odjo, tí Ṣàbí di Chabi, tí Àjàyí di Adjayi, tí Fágbohùn sì di Fagbohoun. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Orúkọ ìdílé ni wọ́n, bí wọ́n ti wà nínú ìwé láti ayé àwọn bàbá wa nìyẹn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ yí tirẹ̀ padà nítorí pé ó ti mọ bí a ti ń kọ Yorùbá. Wàhálà a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó wà ní ilé ìwòsàn gbọ́ orúkọ náà lọ́nà kan, tí akọ̀wé mairie kọ ọ́ lọ́nà kejì, tí olùkọ́ CI, tí ó lè jẹ́ ará Natitingou tàbí ará Lokossa tí kò gbọ́ Yorùbá, sì tún kọ ọ́ lọ́nà kẹta, bí ọmọ ọdún mẹ́fà ti pè é sí i létí.

Ní ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní etí ààlà, ọ̀nà kẹrin tún wà. Ọ̀pọ̀ ará Kétu àti ará Sábẹ ni ó ń ṣòwò tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, tí wọ́n bí ọmọ sí ọ̀hún, tí wọ́n sì mú ọmọ wálé nígbà tí ó tó ilé-ìwé lọ. Lọ́hùn-ún, «s» tàbí «sh» ni wọ́n máa ń rí lórí ìwé, níbi tí àwa ti ń rí «ch». Adéṣínà tí ó jẹ́ Adeshina ní Abẹ́òkúta di Adéchina ní Kétu. Bí ọmọ yín bá ní ìwé láti Nàìjíríà, ẹ tètè gbé e lọ sí mairie kí wọ́n sọ ohun tí ó yẹ fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ máa fojú bù ú.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti ilé wa gan-an. Nígbà tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, bàbá bàbá rẹ̀ a sọ ọ́ ní ọ̀kan, ìyá ìyá rẹ̀ a sọ ọ́ ní ọ̀kan, àwọn àna a mú tiwọn wá, wòlíì tàbí àlùfáà a fi tirẹ̀ kún un. Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni yóò wọ ìwé, èwo ni yóò sì ṣáájú? Mo ti rí ọmọ tí ó ń jẹ́ Ìdòwú nílé, tí ó ń jẹ́ orúkọ sàráà rẹ̀ ní mọ́sálásí, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá nínú ìwé ìbí, tí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ èyí tí yóò dáhùn sí nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, kí bàbá àti ìyá fẹnu kò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Ẹ kọ orúkọ náà sórí ìwé kékeré kan, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́. Ẹ má pè é sí i létí. Ẹni tí ó bá ń wo ohun tí ẹ kọ ni yóò kọ ohun tí ẹ fẹ́. Kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ ka ohun tí òun náà kọ.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀gá ilé-ìwé lè fojú fo lẹ́tà kan, nítorí pé ó mọ bàbá ọmọ, ó sì mọ agbo-ilé wọn. Ayé ti yí padà. Láti ọdún 2017 ni òfin tí ó jẹ mọ́ ìdánimọ̀ ènìyàn ti jáde ní orílẹ̀-èdè wa, tí ètò ìforúkọsílẹ̀ tí a pè ní RAVIP sì tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí bí a ti tò sórí ìlà fún un. Ọ́fíìsì tí a ń pè ní ANIP ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa nínú kọ̀ǹpútà lónìí, òun ni ó sì ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NPI. Etí Yorùbá gbọ́ Adeshina àti Adéchina, ó mọ̀ pé ènìyàn kan ni. Kọ̀ǹpútà kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Kò mọ agbo-ilé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé ìbí ọmọ yín jáde, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí a jọ kà á. Lókè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí «acte de naissance», èyí tí ó túmọ̀ sí ìwé ìbí. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ẹ nílò. Níbi tí wọ́n kọ «Nom» sí, orúkọ ìdílé ni ẹ ó rí níbẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ «Prénoms» sí, àwọn orúkọ tí a sọ ọmọ ni. «Né le» ni ọjọ́ tí a bí ọmọkùnrin. Fún ọmọbìnrin, wọn a fi «e» kan kún un, yóò di «Née le». «Père» ni bàbá, «Mère» ni ìyá. Níbi tí wọ́n kọ «Sexe» sí, M ni ọkùnrin, F sì ni obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ọmọbìnrin tí wọ́n kọ M fún. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rọ̀ kékeré náà «vers» níwájú ọdún ìbí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò mọ ọjọ́ náà dájú, wọ́n kàn fojú díwọ̀n ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ni ó ní «vers» lórí ìwé tiwa.

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ má fo orúkọ bàbá àti ti ìyá, nítorí pé àṣìṣe a máa sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ fi orúkọ tiyín tí ó wà lórí ìwé ọmọ wé èyí tí ó wà lórí káàdì yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ilé-ìwé, kí ẹ sì bẹ olùkọ́ kí ó fi orúkọ ọmọ yín hàn yín nínú ìwé tí ó fi ń pe orúkọ. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ẹ fi ìka kan sórí ìwé ìbí, ẹ fi ìka kejì sórí ìwé olùkọ́, kí ẹ sì máa lọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kà á bí ẹni tí ń ka orúkọ tí ó mọ̀. Ojú tí ó mọ orúkọ a máa sáré, a sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ «n» ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní ti èyí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé tilẹ̀ sàn ju àwa tí a ti ń kàwé tipẹ́ lọ: ẹ kò tíì máa sáré.

Bí ìyàtọ̀ bá wà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìbí ni ó tọ̀nà, tí ìwé ilé-ìwé sì ṣì í kọ, ọ̀rọ̀ náà rọrùn, bí àkọsílẹ̀ orúkọ kò bá tíì kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bíírò kan ni yóò parí rẹ̀, bí ti ìyá onígàrí. Bí ó bá ti kúrò, ó di pé kí ọ̀gá kọ̀wé, kí ọ́fíìsì dáhùn, kí ẹ máa lọ, kí ẹ máa bọ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ẹ̀rí CEP, yóò bá ọmọ náà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò sì dúró dè é níbi BEPC àti BAC.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ìbí gan-an ni àṣìṣe wà, ọ̀gá ilé-ìwé kò lè ṣe é. Ẹ mú un lọ sí mairie tàbí sí ọ́fíìsì ANIP, kí wọ́n sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà fún yín. Àṣìṣe mìíràn a máa di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kì í sì í sáré. Fún àwa ará Kétu, Pobè ni ó wà, owó ọkọ̀ ni, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní CI tàbí CP pé kí ẹ má dúró di CM2. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tó láti tún lẹ́tà kan ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bíírò tún ohunkóhun ṣe lórí ìwé ìbí fúnra yín. Bàbá kan ṣe é nítorí pé ó fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé náà sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́. Ẹ sì má fún ẹni tí ó dúró ní ẹnu-ọ̀nà ọ́fíìsì, tí ó ní òun mọ ènìyàn nínú ilé, ní owó kankan. Ẹ wọlé, ẹ bá ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọn kò ní ìwé ìbí rárá. Oko ni a bí òmíràn sí, ilé ìyá àgbà ni a bí òmíràn sí, kò sì sí ẹni tí ó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1990 sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà wà tí ilé-ẹjọ́ fi lè pàṣẹ pé kí a ṣe ìwé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. «Jugement supplétif» ni wọ́n ń pè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé bá sọ fún yín pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kan àwọn ọjọ́ yòókù.

Ìpàdé àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ ń bọ̀. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ọjọ́ tirẹ̀, ara ògiri ọ́fíìsì tàbí ara igi àgbàlá ni wọ́n sì máa ń lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ dúró kí ẹ kà á. Ẹ rántí pé ọjọ́ ni àwọn Faransé máa ń kọ ṣáájú oṣù: 5/11 ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, kì í ṣe ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún. Láti ọdún 2006 ni wọn kì í ti í gba owó ẹ̀kọ́ mọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí, tí a ń pè ní APE, lè fẹnu kò lórí owó tí a ó dá fún iṣẹ́ kan. Inú ìpàdé ni ẹ ti lè béèrè ohun tí owó náà wà fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí kò wá ni ó máa ń ráhùn jù ní ẹnu-ọ̀nà.

Níbi tí oúnjẹ ilé-ìwé bá wà, ìpàdé yìí kan náà ni wọ́n ti ń sọ ti igi ìdáná, ti omi, àti ti àwọn ìyá tí yóò máa sè é. Ọdún 2017 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ó wà lóde báyìí. Ọmọ tí ó ń rìn jìnnà wá láti oko mọ ohun tí abọ́ ọ̀sán kan jẹ́.

Ìsinmi ọdún yóò tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ padà ni kí ó padà. Mo mọ̀ pé àlejò lè ṣì wà nílé, mo sì mọ̀ pé ọdún ìṣẹ̀ṣe ti oṣù kìíní wà níwájú, ṣùgbọ́n ìjọba ti ya ọjọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn ọjọ́ tí ó wà láàárín rẹ̀, ti ilé-ìwé ni.

Láti oṣù kejì ni kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ilẹ̀ Sábẹ àti ní àyíká rẹ̀, àwọn ìjókòó kíláàsì a sì máa ṣófo. N kò ní bá yín jà lórí èyí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ̀ pé owó kajú ni ó ń ra aṣọ kákí. Ẹ fi Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi ṣa á, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kún un bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n ọmọ CM2 tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù kẹta, ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò bá pàdé nínú ìdánwò.

Ìwé èsì yóò máa dé nínú ọdún. Ẹ má kàn wo nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ. Bí ẹ kò bá mọ Faransé rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín, kí ẹ sì mú un wá fún wa pẹ̀lú, nítorí ọmọ a máa fo èyí tí kò dùn mọ́ ọn.

Ní ti oṣù kẹfà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nísinsìnyí. Ibi tí ọmọ yín yóò ti ṣe ìdánwò lè má jẹ́ ilé-ìwé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ ibẹ̀, ẹ bá a rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì mọ iye àkókò tí yóò gbà yín. Tí a bá sún mọ́ ọn, a ó padà sọ̀rọ̀ lórí ìyókù.

Ní ìparí, ìwé ìbí tí ẹ ti kà tán yìí, ẹ má dá a padà sí abẹ́ ẹní tàbí sínú àpótí igi tí ikán lè dé. Ẹ ṣe fọtokópì rẹ̀ méjì, ẹ fi ojúlówó sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé e sí òkè. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú nínú rẹ̀, ẹ mú un wá sí kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ kò ní láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kí a tó bá yín kà á.

Ọmọ ìyá onígàrí ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá sí kíláàsì ní alẹ́, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àwọn aládùúgbò ni ó ń kó wá sínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mẹ́rin ni ó kó wá. Àṣìṣe wà nínú méjì.